Áísìkirímù Àná Kì í Ṣe Ọbẹ̀ Àná

Ní ọdún 1961, àárọ̀ Sátidé, agboolé kan ní Bẹyẹrúnkà ti kún. Wòlímọ̀ Sìdí, ọmọ tó parí kéú, ni. Àgbékẹ́, ìyá àgbà rẹ̀, ti fọ́nnu káàkiri Ọjà'ba pé ọwọ́ òun ni ogójì ọmọ kéú yóò ti kọ́kọ́ lá áísìkirímù. Ẹnu ti gba iṣẹ́, ó ku ọwọ́!

Ọjọ́ Jímọ̀ ló ti ṣe é sínú agolo ńlá. Yìnyín tó fi yí agolo ká yọ́, áísìkirímù sì di omi. Ó ra yìnyín mìíràn, ó bu iyọ̀ sí yìnyín náà kó lè tutù sí i, ó tún ń yí agolo nínú rẹ̀.

Mojọlá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé nítòsí, wọlé.

"Ẹ kú ìnáwó, Màmá. Kí lẹ ń yí?"

"Áísìkirímù àná ni. Ó yọ́, mo tún ń mú un gan. Ṣebí bí a ṣe ń gbé ọbẹ̀ àná kaná náà ni?"

"Háà! Màmá, ẹ má fún ọmọ kankan jẹ! Iná ń pa kòkòrò inú ọbẹ̀. Yìnyín kì í pa á, ó kàn ń mú un sùn ni. Nígbà tí èyí yọ́, kòkòrò ti pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì ló ń fà."

"Mo tọ́ ọ wò, kò kan!"

"Ó lè má kan, Màmá, kó sì ṣe ọmọ léṣe."

Inú bí Àgbékẹ́, ojú sì tì í. "Ṣé kí ayé wá fi mí ṣẹ̀sín lónìí ni?"

"Ó tì o! Ó di ẹ̀yìn ìrun àlásárì kí wọ́n tó jẹun. Ẹ jẹ́ ká ṣe òmíràn."

Àgbékẹ́ gbé agolo, ó da gbogbo rẹ̀ sí kòtò. Wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ agolo náà. Wọ́n po mílíìkì, ṣúgà àti ẹyin, wọ́n sè é, wọ́n ń rò ó títí ó fi ki. Ó tutù tán, wọ́n dà á sínú agolo, wọ́n dé e pinpin sáàárín yìnyín oníyọ̀, kí omi yìnyín má baà kan oúnjẹ. Wọ́n yí i títí apá fi ń ro wọ́n, wọ́n sì ń fi yìnyín kún un títí di àlásárì.

Sìdí ka wàláà rẹ̀ láìṣe àṣìṣe, ilé hó yèè! Wọ́n ṣí agolo, áísìkirímù gan bí ẹ̀kọ. Ogójì ọmọ lá a, wọ́n lá ìka mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, inú kò run ẹnì kankan. Àwọn ìyá wá láti Kúdẹ̀tì pé kí Àgbékẹ́ kọ́ àwọn, màmá sì ń yan!

Ẹ̀yin òbí, ẹ se mílíìkì àti ẹyin jinná. Ìwọ̀n tí ẹ ó jẹ tán lọ́jọ́ náà ni kí ẹ ṣe, kó wà nínú yìnyín títí ẹ ó fi bù ú. Bó bá ti yọ́, ẹ má tún mú un gan, ẹ dà á nù. Mílíìkì wà lọ́jà, ọmọ ò sí lọ́jà.