Abẹ́rẹ́ Tí Ẹlòmíràn Fi Òwú Sí

Àrùn kan wà tí kì í gbé ènìyàn ṣubú lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń mú ohun tó fẹ́ mú. Irú rẹ̀ ni àtọ̀gbẹ tí ó mú télọ̀ kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ojú Àwòdì.

Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ó máa ń sọ pé òun lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Nígbà tí àrùn náà bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì fún un lóògùn, ó sì kìlọ̀ fún un gidigidi. Ó lò ó fún oṣù méjì, ara rẹ̀ yá, ó pa á tì. Ó ní oògùn tí a kì í lò tán, ti àwọn arúgbó ni. Lọ́dún kẹrin, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ìgbà tí ó tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Lọ́dún keje, ó di ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́dún kẹsàn-án, ojú rẹ̀ di ìkùukùu.

Ta ni kò dá lẹ́bi? Ó ní òwú ìsinsìnyí kò dára, ó ní àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ ti dín ihò rẹ̀ kù. Ìyàwó rẹ̀ ni ìbínú náà sì ń bà lé lórí jù.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Láràárọ̀, kí ó tó dé ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ mẹ́wàá á ti wà lára tìmùtìmù kékeré, òwú á ti wà nínú gbogbo wọn. Ó mọ ẹni tó ń ṣe é. Kò dúpẹ́ rí. Bí oníbàárà bá wọlé, a mú ọ̀kan, a sì máa fi àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo awò ojú ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ó rán bọ́tìnnì pupa mọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Inú bí oníbàárà. Kí ó má baà tẹ́, ó di ẹ̀bi náà ru ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Aláìwúlò! Kí ni o tilẹ̀ ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Obìnrin náà ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ sí ilé ọmọbìnrin wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tìmùtìmù ṣófo. Ojú Àwòdì mú abẹ́rẹ́ kan. Ó fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú, ó gbé e sókè, ó gbé e sún mọ́ imú. Òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó gún ara rẹ̀ níka, kò sì mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi kan aṣọ funfun. Oòrùn kan àtàrí, kò tíì ki ẹyọ kan bọ̀ ọ́. Ó ju abẹ́rẹ́ náà mọ́ ògiri, ó bú sẹ́kún, ẹkún ìbínú.

Alágbàfọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀ gbọ́, ó wọlé. Onígbàgbọ́ ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ Jésù. Èsì tó máa ń gbà ni pé ó di ọ̀la, kí ó lọ wàásù fún áyọ́ọ̀nù rẹ̀, òun ló mọ iná ọ̀run àpáàdì.

"Má wàásù fún mi lónìí," ni télọ̀ wí.

"N kò wàásù, bọ̀ọ̀dá mi. Ta ló ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ tí ẹ fi ń yangàn?"

"Ìyàwó mi ni."

"Ṣé ẹ bẹ̀ ẹ́ ni?"

"N kò bẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni Jésù ṣe fún yín. Ẹ kò tíì jí nígbà tó ti parí iṣẹ́ náà lórí igi àgbélébùú. Ẹ̀ ń jẹ nínú rẹ̀, ẹ sì ń lé E jáde." Ó fi kún un pé òun kò ní parọ́: ojú náà lè má là mọ́, ṣùgbọ́n Olúwa lè tún ọkàn ṣe.

Lórí àga ìránṣọ rẹ̀ níbẹ̀ ni ọkùnrin náà ti sọ ohun tó ti ń sá fún láti ọdún mọ́kànlá tí àrùn náà ti mú un: "Olúwa, n kò ríran. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ṣàánú mi."

Alágbàfọ̀ fà á lọ́wọ́ dé ilé ọmọbìnrin télọ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò dìde. Télọ̀ sọ fún un pé, "Ìwọ ni ojú mi láti ọjọ́ yìí wá, mo sì pè ọ́ ní aláìwúlò. Dárí jì mí."

Obìnrin náà bi í pé, "Ṣé ẹ máa lo oògùn yín?"

"Màá lò ó."

Ó wá dìde lọ mú báàgì rẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà kò mọ ilẹ̀ mọ́ títí di òní. Ohun tí oògùn ì bá pa mọ́ ti lọ, ó sì ń bí mi nínú, nítorí nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ lọ́dún kìíní. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wọlé nísinsìnyí, ohun tí télọ̀ kọ́kọ́ ń sọ ni pé, "Ìyàwó mi ló fi òwú sí i."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ń mú ènìyàn. Ó ń gún ọ, o kò mọ̀ ọ́n lára mọ́. Agbára tí o fi ń yangàn, Ẹlòmíràn ló fi sí ọ lọ́wọ́, o kò sì tíì dúpẹ́. Má ṣe sọ pé ọ̀la. Ọdún mọ́kànlá ni Ojú Àwòdì fi sọ ọ̀la, ọ̀la sì gba ẹsẹ̀ àti ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o tó ká ìwé yìí, sọ fún Jésù pé o kò ríran.