Ẹsẹ̀ Òsì Sìkírátù

Sìkírátù ń sá aṣọ sórí okùn ní àgbàlá wọn ní àdúgbò Lalala, ní ìlú òkèèrè tí ọkọ rẹ̀ ti ń tajà, nígbà tó ṣàdédé fi ọwọ́ di àyà mú. Ó ní òun kò rí èémí mí. Kí ìyálé rẹ̀ tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ṣubú sáàárín àwọn aṣọ tútù. Kò dìde mọ́. Ibà kò mú un, ọkọ rẹ̀ kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Obìnrin méjì ló wẹ òkú rẹ̀: Tàwàkálítù tí í ṣe ìyálé, àti Sìlífátù, ẹ̀gbọ́n Buraimoh ọkọ wọn. Ẹni tó bá wẹ òkú kì í sọ ohun tó rí lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé kéwú nìyẹn. Tàwàkálítù pa ẹnu mọ́. Sìlífátù kò lè pa tirẹ̀ mọ́.

"Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wú tó méjì," ló ń sọ fún àwọn obìnrin ọjà. "Ó dúdú láti itan dé kókósẹ̀. Nǹkan ti ń mu ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ìyálé rẹ̀ rí i, kò sọ nǹkan kan. Ṣé ohun tó jẹ́ tuntun sí èèyàn ni yóò rí tí kò ní figbe ta?"

Ọ̀rọ̀ náà ràn. Obìnrin aládùúgbò kan rántí pé ní àsìkò mọ̀gàríbì, nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti lọ kírun, òun máa ń rí ìyàwó méjèèjì lẹ́yìn balùwẹ̀. Ìyálé á fi nǹkan kékeré lé ìyàwó lọ́wọ́, ìyàwó á gbé e mì, wọn kò ní bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ta ni kò mọ ohun tí wọ́n ń fún èèyàn jẹ ní irú ibẹ̀? Láti ìgbà tí ọmọ Sìkírátù sì ti kú sí i nínú, kò tún lóyún mọ́.

Buraimoh kò gbà á gbọ́, kò sì lè lé e kúrò lọ́kàn. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn odídẹrẹ́ máa ń kọjá lókè ilé lọ sùn sínú igbó etí omi. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀kan a máa dá yà, a bà sórí páànù yàrá Sìkírátù, a máa ké títí ilẹ̀ á fi ṣú. Buraimoh sọ òkò lù ú. Lọ́jọ́ kejì, ẹyẹ náà tún wà níbẹ̀.

Sìlífátù wá bá a ní Ọjọ́bọ̀. "Ọkọ̀ ojú omi ń lọ sí Kútọnu lọ́la. Dá Tàwàkálítù padà sílé. Àràmátù yóò wà lọ́dọ̀ mi. A kò ní fi ọmọ wa tẹ̀ lé àjẹ́."

Nígbà tí Tàwàkálítù gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀, ó di etí àga mú.

"Kí lò ń fún un jẹ?" ni Buraimoh bi í.

"Mo búra fún un pé n kò ní sọ, Bàbá Àràmátù."

"Ó ti kú."

"Èmi tí mo búra kò tíì kú."

Sìlífátù pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ o! Ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Régine ni, ọmọ Nàgó láti Dàhòmé, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ó ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lé Tàwàkálítù. Kò jókòó.

"Èmi ni mo ń kó oògùn náà fún wọn. Oògùn tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún ni. Tàwàkálítù ló ń bá Sìkírátù tọ́jú rẹ̀ nítorí ẹ̀yin máa ń wọ yàrá rẹ̀. Ìjọba ibí ti fòfin dè é; bí wọ́n bá gbọ́, iṣẹ́ mi ti bọ́ nìyẹn."

"Nọ́ọ̀sì, o wà nínú ẹgbẹ́ wọn nìyẹn," Sìlífátù sọ.

"Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ni, Màmá, iye ìyàwó Lalala tó wà níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu."

Buraimoh bi í bóyá oògùn náà ló pa á.

"Ó ṣeé ṣe," ni Régine wí. "Ó ń gba ọ̀pọ̀ obìnrin lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n lára àwọn díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa dì nínú iṣan ẹsẹ̀, á gbéra lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn dókítà òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ ni. Mo sọ fún un pé bí ẹsẹ̀ kan bá wú tàbí tó ń dùn ún, kó dá a dúró, kó wá bá mi kíá. Ṣùgbọ́n oyún pàápàá a máa mú ẹ̀jẹ̀ dì, àní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọmọ yẹn kú, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, dókítà sọ fún yín pé oyún mìíràn lè pa á. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ ní Ọlọ́run ló ń fúnni lọ́mọ."

Buraimoh wo ilẹ̀. "Kí ló dé tí kò fi dá oògùn dúró nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún?"

Tàwàkálítù ló dáhùn.

"Mo ní ká lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó ní wọn á ní kí òun dá a dúró, kí wá ni òun yóò sọ nígbà tí ẹ bá kan ilẹ̀kùn òun lóru? Ó ní kí n jẹ́ ká dúró títí ẹ ó fi lọ tajà ní ìlú Ntoum. Tí ẹ bá lọ, òun á sinmi oògùn, òun á wá ìtọ́jú. Òjò ba ọ̀nà jẹ́. Ẹ kò lọ mọ́."

Sìlífátù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó kúnlẹ̀ níwájú aya àbúrò rẹ̀, ó ní òun sọ ohun tí kò yẹ kí òun sọ. Tàwàkálítù kò gbé e dìde, kò sì lé e.

"Ìyàwó mi kò ní lọ síbì kankan," Buraimoh sọ. "Àràmátù náà kò ní lọ."

Lẹ́yìn ìṣáì, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà Tàwàkálítù, ó sì kan ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń kàn án.

"Ta nìyẹn?" ni Tàwàkálítù bi láti inú yàrá.

Ó ti ń gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu àwọn ìyàwó rẹ̀ tipẹ́, kò sì fetí sí bí ohùn náà ṣe ń gbọ̀n rí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè. Ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì lọ tẹ́ ẹní sùn sínú ìsọ̀ tó ti ń tajà.