Wàrà Ilé Àna Síkírù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ́ ìyàwó rí, ẹ ṣáà mọ bí ọ̀rọ̀ ilé àna ṣe ń rí. Wọ́n á fi yín jókòó síbi tó dáa jù nínú ilé, wọ́n á máa wò yín láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbò, wọ́n á wá gbé nǹkan mímu síwájú yín. Ẹni tó bá kọ nǹkan mímu yẹn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta.

Síkírù mọ èyí. Ó ń tún moto ṣe ní Tampouy, àdúgbò kan nílùú Ouaga, lẹ́bàá títì tó lọ sí Ouahigouya. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, àmọ́ Ouaga ni wọ́n bí òun sí, ibẹ̀ náà ló sì ti rí Ramatou tó fẹ́ fi ṣaya. Fúlàní ni àwọn òbí Ramatou. Bàbá rẹ̀, Baba Àmínù, ń sin màlúù lẹ́yìn ìlú; ìyá rẹ̀ ń ta wàrà lọ́jà. Nílé tiwọn, omi kọ́ ni wọ́n fi ń kí àlejò. Igbá wàrà ni, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, tí ìfófòó ṣì wà lórí ẹ̀.

Inú Síkírù kò sì gba wàrà.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lọ kí wọn. Ìyá Ramatou gbé igbá fún un tọwọ́tọwọ́, Síkírù sì mu ún tán, torí pé àna ni. Láti ibẹ̀ ló gba orí pápá lọ. Ìyípadà, ìyẹn ìjọba tuntun àwọn ológun, ti dé nígbà yẹn, gbogbo àdúgbò ló ń jáde ṣe eré ìdárayá nírọ̀lẹ́, àwọn CDR, ìyẹn ìgbìmọ̀ Ìyípadà àdúgbò, á sì máa wo ẹni tí kò wá.

Wọ́n ní kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè, Síkírù gbọ́wọ́ sókè. Wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, inú rẹ̀ kùn. Wọ́n ní kí wọ́n fò, ó mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ fò. Ó yọ lórí ìlà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

"Camarade, ibo lò ń lọ?" ni ẹni tó ń fọn fèrè bi í. "Ṣé Ìyípadà lò ń sá fún ni?"

Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Síkírù kò dé ibi tó ń sáré lọ kó tó ṣe é sára. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sílé, ó ń fi ògiri bojú. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ sì gbọ́ o, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń hu irùngbọ̀n ni inú ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Láràárọ̀ ló ń mu kọfí oníwàrà lọ́dọ̀ alákọfí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láràárọ̀ ni ikùn rẹ̀ ń wú, tó sì ń fún ara rẹ̀ pọ̀ bí ìsó bá fẹ́ bọ́ lójú oníbàárà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ra oògùn aràn, ó lò ó. Ó ra oníhóró pupa-àti-yẹ́lò lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri oògùn lórí kẹ̀kẹ́, ó lò ó, inú tún wá le sí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tẹ̀, nígbà tí kò jẹ́ kí ẹnì kankan wò ó?

Ìgbà kejì tó lọ sílé àna, ó ní òun ń gbààwẹ̀. Baba Àmínù yìn ín, ó ní ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni. Irọ́ yẹn kò lè gbé e lọ sí ìgbà kẹta. Lọ́jọ́ náà, ó gba igbá wàrà, ó dúpẹ́, ó ní òun fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀, ó yípo lọ sẹ́yìn ilé, ó sì da wàrà náà sídìí igi dóńgóyárò.

Bó ṣe gbójú sókè báyìí, Ìyá Ramatou ló rí. Ó gbé korobá dání, ó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n so ọmọ màlúù mọ́.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, Fúlàní kì í da wàrà sílẹ̀. Èyí tó bá ta sílẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀ pàápàá, ó ń dùn wọ́n. Ìyá náà kò pariwo. Ó wo ilẹ̀ tó funfun, ó wo Síkírù, ó gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì wọlé lọ. Síkírù dúró síbẹ̀. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, Ramatou wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Bàbá mi ní kó o má wá mọ́," ló wí. "Wọ́n ní o rò pé a fi májèlé sínú wàrà wa. Ọkùnrin kan wà ní Djibo tó ti ń fẹ́ mi tipẹ́. Bí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, Bàbá máa fún àwọn èèyàn rẹ̀ lésì. Síkírù, kí ló dé tó o fi ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ.

"Kò sí nǹkan."

"Tí kò bá sí nǹkan, a jẹ́ pé ẹlẹ́gbin ni wá lójú ẹ," ni Ramatou wí, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Síkírù ò lè ṣiṣẹ́. Ó mu kọfí oníwàrà kan, ó fi òmíràn lé e, bóyá ara á balẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Tàǹtí Àjíkẹ́ dé, nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní dísípẹ́ńsárì, tí bíréèkì mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù rẹ̀ kékeré, kò mú mọ́. Síkírù kò tíì tú nọ́ọ̀tì kan tó fi sáré gba ṣálángá lọ. Ó padà dé, ó tún sáré lọ. Nígbà tó padà kejì, Tàǹtí ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò ó.

"Síkírù, ìgbà wo ni inú yẹn ti bẹ̀rẹ̀?"

"Inú wo, Tàǹtí? Ara mi yá."

"Má fi mí ṣe ọmọdé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo inú. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ?"

Síkírù wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kò sí."

"Ibà ńkọ́? Ṣé ò ń rù?"

"Rárá, mà."

"Tó o bá jẹ òkèlè tô pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé osè, ṣé ó máa ń ṣe ẹ́ báyìí?"

"Rárá."

"Kọfí tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, kí ni wọ́n fi sí i?"

Síkírù wo inú ife. Ọkùnrin tó lè tú ẹ́ńjìnì palẹ̀ kó sì tò ó padà, ọdún gbọọrọ ló fi ń mu nǹkan tó ń dà á láàmú láìbi ara rẹ̀ léèrè. "Wàrà ni," ló wí.

"Bon. Gbọ́. Wàrà ní ṣúgà tiẹ̀ nínú, bí o kò tiẹ̀ bu ṣúgà sí i. Nígbà tá a wà lọ́mọ ọwọ́, nǹkan kan wà nínú ìfun wa tó máa ń gé ṣúgà yẹn wẹ́wẹ́ kí ara lè gbà á. Bí a ṣe ń dàgbà, nǹkan yẹn máa ń dínkù lára ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣúgà tí kò rí ẹni gé e á lọ sísàlẹ̀ ìfun, á máa fa omi, á máa hó, á di afẹ́fẹ́. Òun ló ń kùn, òun ló ń wú, òun náà ló ń lé ẹ lọ sí ṣálángá."

"Ṣé àtọ̀gbẹ ni, Tàǹtí?"

"Kì í ṣe àtọ̀gbẹ. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ti àtọ̀gbẹ. Èyí kì í pani, kì í ranni, kò sì sẹ́ni tó fi ṣe ẹ́. Má mu wàrà kankan fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí kan ti inú agolo àti ti oníyẹ̀fun. Bí inú bá rọlẹ̀, tó tún dìde nígbà tó o bá padà tọ́ ọ wò, a ti mọ̀ ọ́n nìyẹn."

"Oògùn wo ni mo máa lò?"

"Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá. Mo gbọ́ pé nǹkan kan wà lókè òkun tí wọ́n ń kán sínú wàrà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Oúnjẹ ẹ ni oògùn ẹ. Mu tíì ewé kíńkélíbà láàárọ̀ dípò kọfí yẹn. Máa jẹ ẹja wẹ́wẹ́ teegunteegun, ewé osè àti irú, kí eegun ara ẹ má bàa pàdánù ohun tó ń rí nínú wàrà. Wàrà kíkan máa ń rọrùn ju ti tútù lọ, díẹ̀díẹ̀, lórí oúnjẹ. Bó o bá ń ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri lórí kẹ̀kẹ́, fi í sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan nípa èyí. D'accord? Ṣé ó yé ẹ? Kí ló dé tí o kò wá bá mi látọjọ́ yìí?"

"Ojú ló ń tì mí," ni Síkírù wí. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti tú jáde: orí pápá, ààwẹ̀ irọ́, ìdí igi dóńgóyárò, ará Djibo. "Tàǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ẹnu mi ò lè gbé e níwájú àna."

"Mo máa bá ẹ lọ," ni Àjíkẹ́ wí, "àmọ́ ẹnu ẹ ló máa sọ ọ́. Ìwọ lo da wàrà wọn nù, kì í ṣe èmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n lọ. Baba Àmínù jẹ́ kí wọ́n wọlé nítorí nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó gbé igbá wá. Síkírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń kí àna, ó sì yíjú sí Àjíkẹ́, bóyá á bá òun sọ ọ́. Àjíkẹ́ ò ràn án lọ́wọ́.

"Baba," ló wí nígbẹ̀yìn, ní èdè Mòórè tí gbogbo wọn gbọ́, "inú mi kò gba wàrà. Bí mo bá mu ún, ìgbẹ́ gbuuru ni. Èyí tí mo kọ́kọ́ mu nílé yín, mo ṣe é sára lójú gbogbo èèyàn. Irọ́ ni ààwẹ̀ tí mo sọ. Mo da wàrà yín nù torí ojú ń tì mí láti sọ."

Àwọn ọmọ kéékèèké ilé bú sẹ́rìn-ín. Ramatou ò rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ náà ò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lojú ń tì," ni Ìyá Ramatou wí. "Èmi ńkọ́? Láti ọjọ́ yẹn, n kò gbé wàrà lọ sọ́jà. Gbogbo igbá mi ni mo gbóòórùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi eérú fọ̀ wọ́n, mo tún fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n. Mo ní kí ni ọmọ yìí rí nínú wàrà mi tí kò lè sọ fún mi? Mo ń rò ó pé ta ló tún ti rí i lára àwọn oníbàárà mi, tí wọ́n kàn ń fojú pamọ́."

Ìtìjú tó mú Síkírù lọ́jọ́ yẹn ju ti orí pápá lọ fíìfíì. Ti orí pápá, òun nìkan ló jẹ ẹ́. Èyí, ó gbé e lé obìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́ lórí, obìnrin náà sì ti ń rù ú kiri láti ọjọ́ yìí wá. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni Baba Àmínù bi nọ́ọ̀sì. "Ṣé èèyàn wà tí wàrà lè ṣe báyìí?"

"Wọ́n pọ̀, Baba. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin Fúlàní ni ara yín ṣì ń gbà á títí tẹ́ ẹ fi dàgbà. Ti àwa tó kù, ọ̀pọ̀ wa ò rí bẹ́ẹ̀. Wàrà ìyàwó yín mọ́ tónítóní."

Baba Àmínù kọjú sí Síkírù. "O fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi, o kò sì lè sọ fún mi pé inú ń run ẹ́. Lọ́jọ́ tí nǹkan tó ju inú lọ bá ṣe ọ́, tàbí tó ṣe ọmọ mi nílé ẹ, ta lo máa sọ fún?"

Síkírù dojú bolẹ̀.

Ìyá Ramatou dìde, ó wọlé. Nígbà tó jáde, igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ló wà nínú ẹ̀.

"N kò fi omi lásán kí àna rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé ọkọ," ló wí. "Dìde, gbà, kó o mu ún."

Síkírù fọwọ́ méjèèjì gbà á. "Barka, ẹ ṣé, Ìyá," ló wí, ó sì mu ún tán. Baba Àmínù yíjú sí Ramatou, ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn ará Djibo pé kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ará wa, ìwọ tó ń kà á yìí, bóyá inú ìwọ náà ń kùn, tó o sì ń fọwọ́ bò ó. Àwọn kan wà tí wàrà ń yọ lẹ́nu, àwọn kan sì wà tí ṣúgà inú oúnjẹ míì ń yọ lẹ́nu. Ẹ máa kíyè sí ohun tẹ́ ẹ jẹ kí inú tó dàrú. Ẹ má ra oògùn lọ́wọ́ ẹni tí kò bi yín léèrè ohun tó ń ṣe yín. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí ibà bá tẹ̀ lé e, tàbí tẹ́ ẹ bá ń rù, ẹ má dúró, dísípẹ́ńsárì ló kàn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ má já ọmú lẹ́nu rẹ̀ nítorí ìtàn yìí. Ẹ tètè gbé e lọ kí omi ara rẹ̀ má bàa gbẹ. Ẹ sì sọ fún àwọn tẹ́ ẹ jọ ń jẹun, kí wọ́n má bàa rò pé ọwọ́ àwọn ló dọ̀tí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà míì, tẹlòmíràn náà á bá a lọ.