Ọjọ́ Tí Ẹgbẹ́ Iná Ọ̀sán Padà Wá Kọrin

"Má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣé èmi ni mo ní kí ó ṣàìsàn ni?"

Ìyá Gìtá ló ń sọ̀rọ̀. Ó ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, ó ń fi ọwọ́ wá ìkejì lábẹ́ àga. Ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n obìnrin tó yẹ kó dúró ti ẹ̀rọ ìlọṣọ ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀gá wọn sì ti pè é lórí fóònù pé kó máa bọ̀ wàràwàrà.

Gìtá dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tó fẹ́ wọ̀ jáde. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Gìtá kọ́ ni wọ́n sọ ọ́ o. Láti kékeré, ohunkóhun tó bá ti gùn díẹ̀, ìbáà ṣe rúlà, ìbáà ṣe ìgbálẹ̀, yóò gbé e sí àyà, yóò sì máa ta á bíi gìtá. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ pàápàá gbàgbé orúkọ tó wà nínú ìwé.

"Màámi, ẹ ṣèlérí fún mi."

"Mo ṣèlérí, mi ò jiyàn. Ta ni kó wá dúró ti Ìyá Àgbà? Ògiri? Jọ̀ọ́, ọmọ mi, fi tòní jì mí." Ó rí bàtà rẹ̀, ó kó ẹsẹ̀ sí i, ó sì jáde.

Ìyá Àgbà ni ìyá bàbá Gìtá. Bàbá Gìtá ti kú, ìyá rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ wọn. Iyè ìyá arúgbó náà ti ń ra. Ó lè bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà títí ẹnu á fi rọ ẹni tó ń dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ oorun bọ́ sí títì, bí kì í bá ṣe pé awakọ̀ akẹ́rù kan tẹ bíréèkì lákòókò, ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ. Láti ìgbà náà, wọn kì í fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Bí ìyá bá ti lọ síbi iṣẹ́, ọrùn Gìtá ni. Á bọ́ láti ilé ìwé, á bọ́ sẹ́nu iṣẹ́: á fún un lóúnjẹ, á wẹ̀ ẹ́, á pààrọ̀ aṣọ tó bá tọ̀ sí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn ìbéèrè. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń pàdé kàwé fún ìdánwò, òun ń wo ògiri mẹ́rin. Kò ráhùn sí ẹnikẹ́ni létí. Ṣùgbọ́n ilé náà ti há mọ́ ọn lára bí ẹ̀wù ọmọdé.

Orin rọ́ọ̀kì ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Iná Ọ̀sán ni kì í jẹ́ kí orí rẹ̀ dàrú. Bàbá rẹ̀ fi kásẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀, odidi páálí kan. Ẹgbẹ́ náà ti tú ká kí wọ́n tó bí Gìtá. Olórin wọn àti obìnrin tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ló jà, ìjà náà le débi pé àwọn méjèèjì búra lórí rédíò pé àwọn ò tún ní dúró lórí ìtàgé kan náà láyé. Àfi bí wọ́n ṣe kéde lọ́dún yìí pé ìjà ti parí, wọ́n á sì kọrin ní pápá ìṣeré ìlú. Ọ̀rẹ́ Gìtá kan, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí bó ṣe tín-ín-rín, dáhùn ìbéèrè lórí rédíò, ó sì gba tíkẹ́ẹ̀tì méjì. Gìtá kò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló já wọlé báyìí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí lo ṣì ń ṣe? Ẹsẹ̀ ò gbèrò lọ́hùn-ún!"

"Mi ò lọ mọ́. Wọ́n pe màámi síbi iṣẹ́."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yọjú wo inú yàrá. Ìyá Àgbà ti jẹun ọ̀sán, ó ń sùn, ó ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa ń jí?"

"Ó máa ń di ìrọ̀lẹ́."

"O ò rí nǹkan! Ti ilẹ̀kùn kí wọ́n má baà bọ́ síta. Kí wọ́n tó lajú, a ti dé. Ta ló fẹ́ mọ̀?"

Gìtá rántí Bàbá Káfíńtà. Ẹ̀yìn ilé wọn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àìmọye ìgbà ló sì ti sọ pé, "Bí ẹ bá ti ń fẹ́ ẹni tí yóò jókòó ti Ìyá, ẹ ké sí mi. Pákó ò ní sá lọ." Ṣùgbọ́n bí òun bá ké sí i, yóò sọ fún màámi, màámi kì í sì fẹ́ kí wọ́n yọ aládùúgbò lẹ́nu. Ó wo ojú Ìyá Àgbà tó ń sùn. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó fa ilẹ̀kùn yàrá dé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì jù ú sápò. Nígbà tí wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, ẹ̀rọ ìlagi ń pariwo, Bàbá Káfíńtà tẹ orí ba, kò rí wọn.

Pápá ìṣeré ti kún. Àwọn tó ti hewú dúró pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì fi èjìká lànà títí wọ́n fi dé iwájú pátápátá, níbi irin ìdènà. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, oòrùn ń ta wọ́n lórí, ẹgbẹ́ náà kò yọ. Àwọn èrò sì ń dà wọlé lẹ́yìn wọn bí omi tí kò mọ̀ pé garawa ti kún.

Ìgbà tí wọ́n jáde, igbe tó sọ kò ní àpèjúwe. Olórin náà ti pá lórí, ikùn sì ti yọ.

"Àbí bàbá rẹ̀ ni wọ́n rán wá?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kígbe sí Gìtá létí. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin onígìtá náà wọ jígí ìkàwé, ó rọra ń rìn bí ẹni tí orúnkún ń dùn. Ó lọ dúró lápá òsì, olórin dúró lápá ọ̀tún, wọn kò wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà fi ìka kan okùn gìtá.

Ohùn náà kò gba etí wọlé. Àtẹ́lẹsẹ̀ Gìtá ló gbà, ó gba egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ gòkè, ó jókòó sí i láyà. Inú kásẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀, orin yìí máa ń há gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú agolo. Ó ti wá di ohun ńlá tó ń mí. Nígbà tí wọ́n dé àárín orin, ohùn olórin bẹ́, kò lè gòkè mọ́. Obìnrin náà gbójú sókè. Ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún rìn lọ bá a, ó na ọrùn sídìí máìkì rẹ̀, ó sì bá a gbé e. Ni àwọn àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún ní gbangba. Gìtá náà ń sunkún. Ó ń rò ó pé bàbá òun ì bá wà níbí.

Ó fẹ́ nu ojú. Ọwọ́ rẹ̀ kò gòkè.

Àwọn èrò ti fún un mọ́ irin. Apá rẹ̀ méjèèjì ti há sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ inú àpò sì ń gún un ní itan. Ìgbà náà ló ṣàkíyèsí pé òjìji ìtàgé ti gùn, ó ti bo gbogbo iwájú pápá. Ìrọ̀lẹ́ ti dé.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Jẹ́ ká máa lọ!" Ṣùgbọ́n èrò ti gbé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ sápá ibòmíràn, orí rẹ̀ nìkan ló ń rí lókèèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá," ó bẹ ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kọjá lọ síbo?" ọkùnrin náà dáhùn, ìbẹ̀rù wà lójú òun náà. "Èmi fúnra mi ò lè mí!"

Orin mìíràn bẹ̀rẹ̀, èrò fò sókè, wọ́n sì rọ́ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Irin wọ Gìtá láyà. Ó fẹ́ fa èémí sínú, èémí kò wọlé. Ó pariwo, ohùn ara rẹ̀ kò dé etí ara rẹ̀. Fóònù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tó wá sí i lọ́kàn nínú ìhámọ́ náà ni yàrá tó tì. Bí Ìyá Àgbà bá ti jí, báyìí náà ló ṣe ń ké, báyìí náà ni ẹnikẹ́ni kò ṣe gbọ́.

Lójijì, orin dákẹ́. Olórin náà ti gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ̀yin ará, ẹ sún sẹ́yìn, àwọn ọmọ ń há níwájú níbí!"

Ẹ̀ṣọ́ kan ki Gìtá lábíyá, ó sì fà á gba orí irin kọjá. Ó ṣubú sórí koríko lẹ́sẹ̀ ìtàgé. Olórin tẹ̀ ba, ó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí Gìtá fi rí òógùn tó ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ò ń mí?"

Láti kékeré ló ti ń lálàá pé ọkùnrin yìí á bá òun sọ̀rọ̀. Ohun tó dáhùn kò ju, "Ẹ jẹ́ kí n lọ sílé" lọ.

Wọn kò jẹ́ kó lọ. Àgọ́ ìtọ́jú ni wọ́n gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó ń tẹ ìhà rẹ̀ wò. Gìtá ń gbìyànjú láti dìde, nọ́ọ̀sì ń dá a padà.

"Jókòó jẹ́ẹ́. A kì í jẹ́ kí ọmọdé jáde níbí láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ wá mú un."

Gìtá wo ẹnu ọ̀nà àgọ́. Ó lè purọ́. Ó lè ní àǹtí òun wà níta, kó sì sáré. Ṣùgbọ́n ilé jìn, Ìyá Àgbà kò sì lè dúró dìgbà tó bá dé. Ó bú sẹ́kún.

"Mo ti ìyá àgbà mi mọ́lé. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Nọ́ọ̀sì kò bá a wí. Ó yọ fóònù rẹ̀. "Nọ́ńbà ta ni o mọ̀ lórí?"

Ti màámi nìkan ló mọ̀. Ìyẹn gan-an ni ẹni tí kò fẹ́ pè. Ó pè é. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ nǹkan kan kúrò. Ariwo ẹ̀rọ ìfọṣọ ń dún lọ́hùn-ún. Ìyá náà sọ pé, "Dúró síbẹ̀. Jẹ́ kí n pe Bàbá Káfíńtà," ó sì pa fóònù.

Bàbá Káfíńtà kò wá kọ́kọ́rọ́, òòlù ló fi já ilẹ̀kùn. Ìyá Àgbà wà nílẹ̀. Ó ti kọ́kọ́ gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, lẹ́yìn náà ló gun orí àga láti gba ojú fèrèsé jáde, àga sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Ohùn rẹ̀ ti há nítorí igbe. Ẹ̀rọ ìlagi kò jẹ́ kí ọkùnrin náà gbọ́ ọ, tòun ti pé ògiri kan ló wà láàárín wọn. Ó jókòó sílẹ̀ nínú pàǹtí ilẹ̀kùn, ó gbé orí ìyá arúgbó náà lé itan, ó ń tọrọ àforíjì lórí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ní ọsibítù, ìyá Gìtá kò na ọwọ́ sí i. Ìbá tiẹ̀ nà án, ara ì bá tu Gìtá.

"O mọ̀ pé o ṣe ohun tí kò dára," ni ìyá náà sọ. "Mi ò ní fi dídùn bo kíkorò fún ọ. Ó lè jẹ́ òkú là bá bá. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé ó ti sú ọ?"

"Ó ti rẹ ẹ̀yin náà, Màámi. Mi ò fẹ́ dá kún un."

"Ó yẹ kí n ti bèèrè," ni ìyá rẹ̀ dáhùn.

Láti ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ ń pín Ìyá Àgbà jókòó tì pẹ̀lú wọn, Gìtá sì ń rí àyè lọ kàwé pẹ̀lú Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó jáde nínú èrò láìfarapa, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbà wọ́n: kí wọ́n ké sí i, bó ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kò padà sí bó ṣe wà. Bí ilẹ̀kùn èyíkéyìí bá ti pa dé, tó sì dún, yóò fi igbe ta, yóò sì máa gbọ̀n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Gìtá ń fi kànìnkànìn wẹ Ìyá Àgbà, ó ń yẹra fún apá rẹ̀ tó ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi di eegun. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹnì kan tì mí mọ́lé o," ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìkà ènìyàn ni."

Gìtá fi kànìnkànìn sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, Ìyá Àgbà. Èmi ni mo tì yín mọ́lé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ìyá arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi ọwọ́ tó dá ṣáká gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. "Ìwọ kọ́. Ọmọ mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀."

Gìtá tún sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì àti ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èsì kan náà ló ń gbà. Ẹni tó yẹ kó dárí jì í kò gbà pé ó ṣẹ̀, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà jáde kúrò nínú ìyẹn.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó rẹ ọmọ yìí. Kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ó nífẹ̀ẹ́ orin. Bí ilé bá ti há mọ́ ọ láyà, la ẹnu, pe àgbà kan, sọ ọ́ jáde, kódà bí o bá rò pé wọn ò ní gbọ́. Má ṣe wá òmìnira tìrẹ nípa títi ẹlòmíràn mọ́lé, nítorí òmìnira bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ọ̀sán kan, ìwọ àti ẹni tí o tì mọ́lé lẹ ó sì jọ máa gbé inú yàrá náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti já ilẹ̀kùn tán.