Kí Ló Jẹ́ Sí Ẹ?

Ọjọ́ tí Oyèkúnlé kọ́kọ́ rí Fìyìnfólúwa, níbi tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Ákínyẹlé, ṣe ni ọmọbìnrin náà ń bá ọ̀gá akọrin jiyàn pé orin ti ga jù. Kì í gba ìrẹ́jẹ. Ohun tí Oyèkúnlé torí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti di àfẹ́sọ́nà, Oyèkúnlé gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀. Ọlọ́pàá dá wọn dúró, wọ́n ní kí Fìyìnfólúwa ṣí fóònù rẹ̀. Ó béèrè ìdí. Ọ̀kan nínú wọn fọ́ ọ létí, ó sì kọjú sí Oyèkúnlé.

"Kí ló jẹ́ sí ẹ?"

"N ò mọ̀ ọ́n o, ọ̀gá. Èrò tí mo gbé ni."

Wọ́n ní kó máa lọ, ó sì lọ, pẹ̀lú gbogbo gíga tó ga yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó fi Fìyìnfólúwa sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín; Oyèkúnlé yan ẹ̀sín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìtìjú kò fi jẹ́ kó dé ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìgbà tí wọ́n gbọ́ nílé Oyèkúnlé pé Fìyìnfólúwa fẹ́ fẹjọ́ ọlọ́pàá náà sùn, tí kò sì ní ẹlẹ́rìí, màmá Oyèkúnlé pariwo mọ́ ọn: "Ọmọ ọlọ́mọ lo fi sílẹ̀ lójú títì! Lọ bá bàbá rẹ̀!"

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Rufus, bàbá Fìyìnfólúwa. Bàbá náà kọjú sí Fìyìnfólúwa. Wọ́n bi ọmọ wọn pé, "Ta nìyí?"

"N ò mọ̀ wọ́n, Bàbá."

Ó dun Oyèkúnlé wọra, ṣùgbọ́n kò dìde. "Jẹ́ kí n wá jẹ́rìí, Fìyìn mi."

"Èmi kọ́ ni Fìyìn rẹ. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án."

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn n'Íbàdàn, obìnrin òṣìṣẹ́ kan gbé ìwé síwájú Oyèkúnlé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé kí ni olùfisùn jẹ́ sí i. Ó mú kálámù. Ó kọ ọ́ pé: Àfẹ́sọ́nà mi ni.

Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: Ọlọ́pàá bi mí bẹ́ẹ̀, mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí. Irọ́ ni mo pa.

Fìyìnfólúwa kà á. Omi lé sí i lójú.

"Pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́. Jẹ́ kí ìyókù wà."

Ó pa á rẹ́.

"Ẹ ò dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ o," ni òṣìṣẹ́ náà wí.

Oyèkúnlé wojú Fìyìnfólúwa.

"Kọ 'ẹlẹ́rìí'," ni ọmọbìnrin náà wí. "Bí wọ́n bá sì pè wá, má sá o."

Oyèkúnlé kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i.