Ẹ Yọ Àkísà Kúrò Nínú Ihò Afárá

Bí oòrùn bá ti mú ní Abà Olóbì, lọ́nà Mọ́níyà, orí afárá kọnkéré làwọn obìnrin ń sá láfún sí. Ó gbóná, ó sì mọ́. Àmọ́ ihò wà létí afárá tí omi òjò ń gbà ṣàn sódò, láfún sì ń gbabẹ̀ bọ́. Ni wọ́n bá fi àkísà dí gbogbo ẹ̀ pa.

Lọ́dún 1991, lẹ́yìn òjò ńlá kan, Bàbá Fádèyí ń toko bọ̀. Omi orí afárá mù wọ́n dé kókósẹ̀. Wọ́n bẹ abẹ́ ẹ̀ wò: kọnkéré ti ya lulẹ̀, irin inú ẹ̀ ti yọ síta, ìpẹtà ti sọ ọ́ di pupa fòò.

“Ta ló dí ihò yìí?” Bàbá lọgun.

Gbọ́njúbọ́lá, olórí àwọn aláfún, ló dáhùn. “Àwa ni, Bàbá. Àbí kẹ́ja máa fi láfún wa ro ọkà ni?”

“Ẹja á jẹ ẹ̀yin náà mọ́ ọn! Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń ru òkúta wẹ́wẹ́ síbí. Ojú mi ni wọ́n ti hun irin bí apẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó. Irin yẹn leegun afárá!”

“Bàbá, kọnkéré mà ni, kì í ṣe amọ̀.”

Nígbà tí Làmídì wa ọkọ̀ akẹ́rù dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tó fẹ́ kó láfún àwọn obìnrin náà lọ ọjà Ṣáṣá, Bàbá ti fìdí lélẹ̀ láàárín afárá.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ọjà ń tú lọ,” Làmídì wí.

“Gun orí mi kọjá! Kí n nìkan kú sàn ju kí gbogbo yín já sódò.”

Wọ́n bẹ Bàbá títí, Bàbá ò dìde. Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe Morónikẹ́, ọmọ ìjọ Kérúbù tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe. Ó fi òòlù kan abẹ́ afárá lẹ́ẹ̀kan péré. Odindi ègé kọnkéré já sódò, gbàmù!

“Omi tí ẹ há mọ́ orí ẹ̀ ló ń rin wọ inú ẹ̀,” Morónikẹ́ wí. “Bí irin bá dípẹtà, á wú. Bó bá wú, á fọ́ kọnkéré tó bò ó. Bàbá ló gbà yín là. Ọkọ̀ akẹ́rù kankan ò gbọ́dọ̀ gorí ẹ̀ mọ́ títí wọn ó fi tún un ṣe.”

Gbọ́njúbọ́lá káwọ́ lérí. “Àpò láfún ogójì! Kí la máa wá fi gbé e kọjá?”

“Orí yín!” Bàbá jágbe mọ́ ọn.

Orí náà ni wọ́n sì fi rù ú kọjá lọ bá ọkọ̀ lódìkejì, nínú ẹrọ̀fọ̀ ojú ọ̀nà, títí ọdún fi yípo kí wọ́n tó tún afárá ṣe.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má dí ihò omi orí afárá. Èyí tó bá ti dí, ẹ tú u. Ẹ wá ẹní tàbí tapólì, kẹ́ ẹ sá láfún yín sójúde. Bẹ́ ẹ bá rí irin tó yọ síta, ẹ má wulẹ̀ lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ sáré lọ sọ fún wọn ní káńsù, kẹ́ ẹ sì dá ọkọ̀ akẹ́rù dúró. Afárá tó bá ń wó lọ kì í bèèrè ẹni tó dí ihò rẹ̀ kó tó gbé èèyàn lọ.