Wáyà Tó Nípọn

Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Minna, kó fi imú rẹ̀ gbọ́ òórùn ibẹ̀. Mi ò ní bá a jiyàn.

Oyèdìran ọkọ mi ló kan ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe ní rélùwéè. Pákó ló fi kan ara ọkọ̀ náà, èmi ni mo rán aṣọ tó bo apá rẹ̀. Ọdún kejì òmìnira ni, nínú ọyẹ́. Ó ní òun máa gbé e fò ní Sátidé.

Fíúsì ló kù. Ìgò kékeré ni, irin tín-ín-rín wà nínú rẹ̀. Bí iná bá pọ̀ jù, fíúsì á já kí wáyà yòókù má baà gbiná. Bó bá kéré jù, á kàn máa já lásán. Bó bá tóbi jù, wáyà á ti jó kó tó já. Lókè lọ́hùn-ún, ta ló máa gbé garawa omi wá?

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ó fi kékeré sí i, ó tan iná. Ó já. Ó fi èyí tó jù ú lọ sí i. Ó já. Òórùn irun jíjóná gba ẹ̀yìnkùlé. Mo yọ fíúsì náà wò. Ọ̀rá ló wà nínú rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ikun imú. Irun kúkúrú tó ti funfun lẹ̀ mọ́ ọn, bíi ti orí ọkọ mi. Mo fi eérú fọ ọwọ́, mo tún un fọ̀.

"Bàbá Margaret, ẹ yọ bátìrì," mo sọ fún ọkọ mi.

Ó yọ ọ́. Ó fi fíúsì tuntun sí i, ó tan iná. Ó já.

Bátìrì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi.

Àbdùlbáàkí, mẹkáníìkì ará Ìlọrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, tutọ́ sílẹ̀. "Haba, Bàbá Margaret. Wáyà tó nípọn ni kí ẹ fi sí i. Ìyẹn ò mọ jíjá."

"Bí fíúsì ò bá jó," mo ní, "kí ló máa wá jó?"

Ọkọ mi ò wojú mi. "Ìyá Margaret, ọbẹ̀ rẹ ń jó nínú ilé."

"Mi ò gbé ọbẹ̀ kaná."

Ó fi wáyà tó nípọn sí i. Kò já. Iná tàn. Kò sí bátìrì, iná tàn. Àbdùlbáàkí kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ láìdágbére.

Ọkọ mi la ẹnu láti rẹ́rìn-ín. Èéfín jáde lẹ́nu rẹ̀. Òórùn irun yẹn náà ni.

"Ṣé kò dùn yín?"

"Kí ni kó dùn mí?"

Mo fa wáyà náà yọ. Ọkọ mi ṣubú lulẹ̀, kò mí mọ́. Mo dá wáyà padà. Ó mí.

Sátidé kọjá, kò fò. Ọdún ti gorí ọdún; àwọn ọmọ Margaret ọmọ wa ti ń sáré kiri báyìí, mi ò jẹ́ kí wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ náà wà níbẹ̀ lábẹ́ ẹní, iná rẹ̀ ń tàn. Ọkọ mi ń jẹ àwo ẹ̀bà méjì lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń rù sí i. Àràárọ̀ ni mò ń fi àkísà nu ọ̀rá kúrò lára wáyà. Mi ò jẹ ẹran mọ́.

Lọ́sẹ̀ yìí ni mo rí i pé wáyà náà ti ń di tín-ín-rín. Mo ti ra tuntun, èyí tó nípọn jù lọ́jà. Àmọ́ ojú ihò kan ṣoṣo ló wà fún un. Mo ní láti kọ́kọ́ yọ ti àtijọ́.

Lọ́jọ́ tí mo yọ ọ́, tí mo dá a padà tí ọkọ mi tún mí yẹn, ó ṣì lọ́ràá lára.